Ẹ́ńjìnì kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí a ṣe yan ọ́ìlì fún tírélà dísẹ́ẹ̀lì méjì

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan pè wá pé kí a bá òun kó gbogbo tírélà òun kúrò lórí ọ́ìlì àbáláyé, èyí tí wọ́n ń fọ̀ jáde láti inú epo rọ̀bì, kí a gbé wọn sórí sìǹtẹ́tíìkì, ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n fi ọgbọ́n ilé-iṣẹ́ tún ṣe tàbí tò pọ̀, kí ìwọ̀n ìrìn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì sì di ìlọ́po méjì. Olórí mẹkáníìkì rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. "Ọ̀gá, 15W-40 tí à ń lò yìí, kí ló ṣe yín?" Bó ṣe béèrè nìyẹn. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nínú òtútù, èyí tó tẹ̀lé e ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná; òun là ń pè ní ìwọ̀n 40. Olórí àwọn awakọ̀ ní tiẹ̀ ti gbọ́ pé sìǹtẹ́tíìkì máa ń wá ibi tó máa gbà jò jáde nínú ẹ́ńjìnì tó bá ti dàgbà. Kò sí ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rí ni kò sí nílẹ̀: kò sẹ́ni tó tíì wo ohun tó ń ba ọ́ìlì jẹ́ nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ méjì la mú fún àyẹ̀wò. Ẹ́ńjìnì kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì: sìlíńdà mẹ́fà, lítà 13, tó ní tọ́bò, tó ń gba ọ́ìlì tó tó lítà 38 pẹ̀lú fíltà rẹ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ẹrù kíkún, ó ń gun òkè gígùn, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í sábà tutù tán kó tó tún gbéra. Èkejì ń kó òkúta láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà. Ìrìn rẹ̀ kúkúrú, eruku bò ó látòwúrọ̀ dalẹ́, ó sì máa ń dúró pẹ́ lórí ìlà pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ lásán títí wọ́n á fi di ẹrù sí i tán. Bí ẹnì kan bá wo ìwé rírà wọn, á sọ pé ọkọ̀ kan náà ni. Ọ́ìlì kò mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà tó wà lára jálá

Kí a tó dárúkọ sìǹtẹ́tíìkì rárá, a ṣí ìwé tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì náà kọ. Wọ́n ní kí ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ API CJ-4 tàbí CK-4, kí ó sì jẹ́ ìwọ̀n 40. API ni àjọ àwọn elépo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà, àwọn ló sì ń fún ọ́ìlì ní lẹ́tà tó ń sọ irú ẹ́ńjìnì tó lè gbà á. CI-4 dé ní 2002, CJ-4 ní 2006, CK-4 sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2016. Ọ́ìlì CK-4 lè wọ inú ẹ́ńjìnì tí ìwé rẹ̀ bá ní CJ-4, CI-4 tàbí CH-4. Ọ́ìlì àbáláyé 15W-40 tí wọ́n ń lò ní CK-4 lára. Sìǹtẹ́tíìkì 5W-40 tí ọ̀gá fẹ́ rà náà ní CK-4 lára. Nítorí náà, ìdánwò tí àwọn méjèèjì yege kí wọ́n tó gba lẹ́tà yẹn kò yàtọ̀ síra. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ra ọ́ìlì fún ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì fi èyí sọ́kàn ṣáájú ohunkóhun: sìǹtẹ́tíìkì tí lẹ́tà rẹ̀ kò bá ìwé ọkọ̀ mu burú ju ọ́ìlì àbáláyé tó bá a mu lọ.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tó ń ta ọ́ìlì fún wọn ti gbé jálá kan wá pẹ̀lú, 5W-30 FA-4, pé sìǹtẹ́tíìkì tó ń dín dísẹ́ẹ̀lì tí ọkọ̀ ń jẹ kù ni. A ní kí wọ́n dá a padà. FA-4 jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú CK-4, àmọ́ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó fúyẹ́ nígbà tó bá gbóná tí irin sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra: kíki rẹ̀ níbẹ̀ wà láàárín 2.9 àti 3.2, nígbà tí ti CK-4 kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju 3.5 lọ. Àwọn ẹ́ńjìnì kan tí wọ́n ṣe fún ìrìn ojú títì láti 2017 síwájú ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ́ńjìnì tó bá ń béèrè CK-4 kò gbọ́dọ̀ rí i, àyàfi bí ìwé tiẹ̀ bá dárúkọ rẹ̀. Bíárìn ló máa san gbèsè àṣìṣe yẹn.

Ó kan ohun tó wà nínú jálá. Ọ́ìlì tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ pín sí ẹgbẹ́ márùn-ún. Ẹgbẹ́ kìíní àti ìkejì ni ọ́ìlì àbáláyé, ìkejì mọ́ ju ìkíní lọ. Ìkẹta ṣì ti inú epo rọ̀bì wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi gáàsì háídírójìn àti ooru fọ̀ ọ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di nǹkan mìíràn. Ìkẹrin ni PAO, èyí tí wọ́n tò pọ̀ látọwọ́ ènìyàn. Ìkarùn-ún kó gbogbo ìyókù mọ́ra. Láti 1999 tí ìgbìmọ̀ tó ń wo ìpolówó ọjà ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ láàárín Mobil àti Castrol ni wọ́n ti ń ta ẹgbẹ́ kẹta ní sìǹtẹ́tíìkì níbẹ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ẹgbẹ́ kẹta tó dára ń ṣe dáadáa gan-an nínú dísẹ́ẹ̀lì. Ó kàn jẹ́ pé sìǹtẹ́tíìkì méjì lè jìnnà síra, kí owó wọn sì jìnnà síra pẹ̀lú, kí ẹni tó ń rà á má sì mọ ìdí.

Ohun tí láàbù rí

Àyẹ̀wò ọ́ìlì la gbé ìpinnu lé. A fa ọ́ìlì díẹ̀ jáde láti ihò ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì gbóná, sínú ìgò tó mọ́, a sì fi ránṣẹ́ sí láàbù. Bí wọ́n ṣe ń fa á ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá dúró kó tutù, ìdọ̀tí á ti rọ̀ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá sì gba èyí tó kọ́kọ́ dà jáde láti nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ìdọ̀tí nìkan lẹ máa kó. Èsì méjèèjì yóò parọ́ fún yín.

Ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ti rin 25,000 kìlómítà lórí ọ́ìlì àbáláyé. Kíki ọ́ìlì náà ní ooru 100°C jẹ́ 15.2 nígbà tó jẹ́ tuntun, ó ti di 15.6. Agbára tó fi ń pa ásíìdì, èyí tí wọ́n ń pè ní TBN, bọ́ láti 10 sí 5.4. Irin tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 38 nínú mílíọ̀nù kan, sílíkọ́nì 6, ẹ̀gbin èéfín 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàbù tún kọ ọ́ pé ooru ti ń sè é. Ẹ́ńjìnì náà dára. Ọ́ìlì ni ó ń rẹ̀, ooru ló sì ń rẹ̀ ẹ́: tọ́bò àti orí písítọ́ọ̀nù lórí òkè gígùn yẹn ń mú kí ọ́ìlì gbó, kó máa ki sí i. Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì máa ń sọ pé bí ooru bá fi 10°C lé sí i, gbígbó ọ́ìlì á yára tó bí ìlọ́po méjì. Ibí yìí gan-an ni sìǹtẹ́tíìkì ti lágbára ju ọ́ìlì àbáláyé lọ. Ó ń fara da ooru pẹ́, kì í tètè fẹ́ dànù, kì í sì í tètè fi èédú sílẹ̀ sórí bíárìn tọ́bò nígbà tí awakọ̀ bá paná láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnì sinmi.

Ti ọkọ̀ òkúta ni gbogbo wa fara balẹ̀ kà. Kò tíì ju wákàtí 250 lọ lórí ọ́ìlì kan náà. TBN rẹ̀ ṣì wà ní 7.1, ìyẹn ni pé ooru àti ásíìdì kò tíì ṣe é ní nǹkan. Àmọ́ kíki rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 12.9, ìwọ̀n 40 kò sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 12.5 lọ. Dísẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Irin ti di 112. Sílíkọ́nì 41, alumíníọ̀mù 17.

Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn yẹn ló sọ ìtàn. Sílíkọ́nì lè ti inú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń di gásíkẹ́ẹ̀tì wá, pàápàá nínú ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Irú ìyẹn kì í ba irin jẹ́, kì í sì í mú alumíníọ̀mù dání. Ilẹ̀ ló ní méjèèjì pa pọ̀. Nígbà tí sílíkọ́nì àti alumíníọ̀mù bá jọ gòkè, tí irin sì tẹ̀lé wọn, eruku ti ń wọlé. A tú páìpù tó so asẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́ tọ́bò. Rọ́bà rẹ̀ ti là nísàlẹ̀, níbi tí ojú kò tó, kílíìpù rẹ̀ sì ti dẹ̀. Asẹ́ tuntun ni wọ́n máa ń fi sí i nígbà gbogbo, wọ́n sì ń náwó lé e, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀yìn asẹ́ wọlé láìfọ̀. Eruku náà ń họ ríǹgì àti ògiri sìlíńdà bíi sánpépà.

Ká ní a ti ṣe bí ọ̀gá ṣe wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, sìǹtẹ́tíìkì olówó gọbọi ni à bá rọ sínú eruku yẹn, à bá sì fi í sílẹ̀ fún ìlọ́po méjì àkókò. Ó ń dùn mí bí mo bá rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹ́ńjìnì tó yẹ kó pẹ́ á wá gbó kíá, wọ́n á sì ní ọ́ìlì tuntun ló bà á jẹ́. Kò sí ọ́ìlì tó ń sọ eruku di nǹkan mìíràn. Kò sí èyí tí dísẹ́ẹ̀lì kì í là. Ẹ̀gbin èéfín náà kéré jọjọ, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà, fíltà kò lè mú un. Èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì ló ń mú un kó má ṣù pọ̀, irú èròjà bẹ́ẹ̀ sì wà nínú CK-4 àbáláyé àti sìǹtẹ́tíìkì bákan náà. Eérú tó ń dí asẹ́ èéfín nínú ẹ̀sọ́ọ̀sì, láti ara èròjà àfikún yìí kan náà ló ti ń wá, kì í ṣe láti ara ọ́ìlì ìpìlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí CJ-4 àti CK-4 fi ní ààlà lórí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju 1.0 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, láìbìkítà irú ọ́ìlì tó jẹ́.

Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń rà náà kàn án. Imí-ọjọ́ inú rẹ̀ ń di ásíìdì nínú ẹ́ńjìnì, TBN ló sì ń pa á. API ṣe CK-4 fún dísẹ́ẹ̀lì tí imí-ọjọ́ rẹ̀ kò ju 500 nínú mílíọ̀nù lọ, wọ́n sì kìlọ̀ pé bó bá ti ju 15 lọ, ó lè ní ipa lórí asẹ́ èéfín àti lórí ìgbà tó yẹ kí a pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹni tí epo rẹ̀ bá kún fún imí-ọjọ́ tó fẹ́ tìtorí sìǹtẹ́tíìkì sún ìpààrọ̀ síwájú ń tan ara rẹ̀ jẹ. A yẹ ìwé epo tí ilé-iṣẹ́ yìí ń rà wò, kò ju 10 lọ, ìyẹn ló fún wa láyè láti máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

Òtútù, epo àti owó

Ọ̀gá tún mú òtútù wá. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni sìǹtẹ́tíìkì ti borí pátápátá. Ọ́ìlì 15W ni wọ́n ń dán wò fún ìbẹ̀rẹ̀ ní òtútù -20°C, 5W ní -30°C, kò sì gbọ́dọ̀ ki ju kí pọ́ǹpù lè fà á ní -25°C àti -35°C lọ. Fún ọkọ̀ tó ń sùn síta níbi tí yìnyín ti ń di òkúta, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ àwọn ọkọ̀ yìí kì í dé ibi tó tutù ju ìwọ̀n díẹ̀ lọ nísàlẹ̀ òdo. 15W-40 tó wọn. Ti dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní yóò dín kù, a kò kà á mọ́ èrè rárá: bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, 5W-40 àti 15W-40 ti di ìwọ̀n 40 kan náà, ìyàtọ̀ tó kù kéré. Ìwọ̀n 30 ló ń dín epo kù ní gidi.

Ìṣirò owó ni wọ́n jókòó tì jù. Lítà sìǹtẹ́tíìkì tí wọ́n fẹ́ rà tó ìlọ́po méjì owó èyí tí wọ́n ń lò. Ká sọ pé ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn rin 175,000 kìlómítà. Bó bá ń pààrọ̀ ní 25,000, ẹ̀ẹ̀meje ni, lítà 266. Bó bá ń pààrọ̀ ní 35,000, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni, lítà 190, ṣùgbọ́n owó lítà 190 yẹn dà bí owó lítà 380 ti tẹ́lẹ̀. Owó ọ́ìlì gòkè, kò wálẹ̀. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá láìfi nǹkan kan bò, torí ohun tí ẹni tó ń tà á sọ fún un yàtọ̀. Èrè tó wà níbẹ̀ ni fíltà méjì-méjì tí wọn ò ní rà, àti ìdúró ẹ̀ẹ̀mejì tí ọkọ̀ náà kò ní ṣe, tí yóò fi wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù. Fún ọkọ̀ tí ọjọ́ kan rẹ̀ níye lórí tó báyìí, èrè yẹn ju àfikún owó ọ́ìlì lọ. Tọ́bò tó ń sá fún èédú wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Fún ọkọ̀ òkúta, tó máa ń sùn nínú àgbàlá lálaalẹ́ tí wọ́n sì lè pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ láìpa iṣẹ́ kankan lára, kò sí èrè kankan níbẹ̀.

Ìpinnu wa nìyí. Kí ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn bọ́ sórí 5W-40 sìǹtẹ́tíìkì CK-4, kí a sún ìpààrọ̀ rẹ̀ sí 35,000 díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àyẹ̀wò láàárín. Kí wọ́n tún ọkọ̀ òkúta ṣe, kó dúró lórí 15W-40 àbáláyé, wákàtí 250 náà ni, kí awakọ̀ sì máa paná bí ìlà bá gùn. Wákàtí ni kí wọ́n máa fi kà á, torí kìlómítà kì í ka ìgbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́.

A tún yẹ ìwé ọkọ̀ wò nítorí wàráńtì. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì gbà kí wọ́n sún un síwájú, bí ọ́ìlì náà bá wà lára èyí tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí. Volvo ní VDS-4.5, Cummins ní CES 20086, Detroit ní DFS 93K222, olúkúlùkù pẹ̀lú tiẹ̀. Ọ́ìlì àbáláyé púpọ̀ ló ní àmì wọ̀nyí lára pẹ̀lú, nítorí náà àmì náà ni kí ẹ wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gàdàgbà tó wà níwájú jálá.

Ọ̀rọ̀ jíjò àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà

Ẹ̀rù tó ń ba olórí àwọn awakọ̀ ní orísun. PAO ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ máa ń mú kí rọ́bà súnkì, àwọn ẹ́ńjìnì kan sì jò. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń po ohun tó ń tún un ṣe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kẹta wà nínú àgbàlá, ó dàgbà ju àwọn méjì yìí lọ, ọ́ìlì sì ti ń jò díẹ̀díẹ̀ níbi síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èyí ńkọ́?" ni olórí awakọ̀ bi mẹkáníìkì lójú wa. Ìdáhùn mẹkáníìkì ni pé kí wọ́n máà fi ọwọ́ kan ọ́ìlì rẹ̀ títí òun á fi pààrọ̀ síìlì náà. A gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ́ìlì tó ń ṣàn wẹ́rẹ́ nínú òtútù á tètè rí ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Àyẹ̀wò tó tẹ̀lé e fún ọkọ̀ òkúta dùn mọ́ gbogbo ilé. Pẹ̀lú páìpù tuntun àti ọ́ìlì àtijọ́ kan náà, sílíkọ́nì wálẹ̀ sí 12, irin sí 49, dísẹ́ẹ̀lì inú ọ́ìlì sí 1.6, kíki rẹ̀ sì dúró ní 14.1. Ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn dé 35,000 lórí sìǹtẹ́tíìkì pẹ̀lú TBN 4.9 àti irin 47. Láàbù kò rí ìsè ooru tó tó nǹkan. Ẹ̀gbin èéfín ló ń gòkè, ó ti di 1.9.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín tó yẹ kí n kọ sílẹ̀. Ọ́ìlì rẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, awakọ̀ sì ra 15W-40 àbáláyé fi kún un. Ó bẹ̀rù pé òun ti ba ẹ́ńjìnì jẹ́, ó pe ilé kó tó dá iná sí i. Kò ba nǹkan kan jẹ́: CK-4 méjì lè pò pọ̀, a sì yìn ín pé lẹ́tà ló wò kó tó rà á. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín agbára sìǹtẹ́tíìkì kù. Bí àfikún náà bá pọ̀, ìwọ̀n 25,000 ni kí wọ́n padà sí fún ìgbà yẹn. Jálá lítà márùn-ún 5W-40 ti wà lẹ́yìn ìjókòó báyìí, wọ́n sì ti kọ ìwọ̀n ọ́ìlì sí ẹ̀gbẹ́ ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ sí nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá ti ń béèrè 50,000, iye tó ní lọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀. A kò fọwọ́ sí i. TBN ti wá sísàlẹ̀ ìdajì, ẹ̀gbin èéfín ń pọ̀ sí i, ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì gbà ju 40,000 lọ fún ẹrù tó wúwo báyìí. Mẹkáníìkì ti ra síìlì kíráǹkì fún ọkọ̀ kẹta, a sì ti ní kó fi ọ́ìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù kó tó tú u.